Ọkọ Tó Ti Ilé Ìwòsàn Dé Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu

Aránṣọ kan wà tó ti wà nílé ọkọ títí àwọn ọmọ fi dàgbà tí wọ́n fi ilé sílẹ̀, síbẹ̀ kò gbọ́ gbólóhùn gígùn kan lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń bínú o. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Tó bá jí, á ní, "Ṣé dáadáa?" Tó bá tibi iṣẹ́ dé, á ní, "Mo dé o." Tó bá jẹun tán, á ní, "Ó dùn." Bí oúnjẹ náà kò bá dùn, á tún ní, "Ó dùn." Ìyàwó ló kọ́ bí a ṣe ń fetí mọ ìyàtọ̀ láàárín "ó dùn" kan àti òmíràn, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa aṣọ láti mọ̀ bóyá òwú gidi ni.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú ni ọkùnrin yìí, àwọn bọ́ọ̀sì gígùn tó ń kó èrò láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì, nítorí kì í já bíréèkì mọ́lẹ̀. Ìyá arúgbó lè dúró láàárín bọ́ọ̀sì rẹ̀ láìdi nǹkan kan mú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé tí bọ́ọ̀sì náà bá gbọ́ èdè ni, òun ni ì bá máa dá èrò lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń sún mọ́ oríta, ó rọra darí bọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tan iná tó ń ṣẹ́jú, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ bá mi wọ òmíràn." Lẹ́yìn náà ló gbé orí lé sítíárìn. Àwọn èrò tó gbé e dé ilé ìwòsàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà sunkún, ó tún ronú láàárín ẹkún pé ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun sọ fún àwọn èèyàn yìí gùn ju èyí tó bá òun sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ lọ. Ojú tì í pé irú èrò bẹ́ẹ̀ lè wá sọ́kàn òun nírú àsìkò yẹn.

Dókítà ṣàlàyé pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ló dí. Wọ́n ti ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú iṣan ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n rọra tì í títí ó fi dé àyà, wọ́n sì ti la ibẹ̀. Ìyẹn yé aránṣọ kíá, torí bí òun náà ṣe ń fi pín-ìn fa rọ́bà gba inú ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Àmọ́ ìyẹn nìkan ló yé e. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e dàrú mọ́ ọn lójú.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọkàn yìí fúnra rẹ̀. Bí dókítà bá ní ọkàn, ṣé ẹran tó ń lù kì-kì-kì nínú àyà ló ń sọ, àbí ibi tí èèyàn ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí? Wọ́n ní àwọn ti tún ọkàn ọkọ òun ṣe. Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n tún ṣe?

Ìkejì ni ètò tí wọ́n ní kó máa lọ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa bọ́ọ̀sì ná. Ó ní gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ọkàn ti dà láàmú bí wọ́n ṣe máa rìn, bí wọ́n ṣe máa jẹun, bí wọ́n ṣe máa mí, àti bí wọ́n ṣe máa fi ọkàn balẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe máa rìn kẹ̀?" ni aránṣọ wí. "Dókítà, àgbàlagbà ni ọkọ mi o. Ó ti mọ ìrìn kó tó mọ̀ mí."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin náà gbé àga ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbé aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ó sì gba garawa omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó mọ̀ nípa aláìsàn ni pé kó sinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kó jókòó, ọkọ á ní nọ́ọ̀sì gbọ̀ngàn ní kóun dìde. Bí ó bá ní kó má gun àtẹ̀gùn, á ní nọ́ọ̀sì ní kóun gùn ún díẹ̀díẹ̀. Bí òógùn bá yọ lójú rẹ̀, tí ìyàwó sáré mú aṣọ ìnujú wá, ọkùnrin náà á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Fi í sílẹ̀. Òógùn rere ni."

Òógùn rere! Òógùn tún ní rere àti búburú? Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà wọ ilé ìdáná, ibi tí kì í dé àfi tó bá fẹ́ bu omi mu. Ó gbé gíláàsì sójú, ó ń gbé àwọn agolo sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára.

"Màmá wọn, iyọ̀ wà nínú èyí o."

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá wọn. Ilé ìdáná mi lẹ wà yẹn."

"Iyọ̀ tún wà nínú èyí náà. Ó mà fara pamọ́ o!"

Ó fọ abọ́. Ó ra bàtà kánfáàsì funfun kan, ó ń wọ̀ ọ́ rìn yí àdúgbò po, ó ń ju apá bí ọmọ ológun. Yóò wá dé, yóò jókòó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. "Mo rí ẹni tó ń tún aago ṣe níwájú ibẹ̀ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, o gbọ́?" Obìnrin náà kò gbọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé àdúgbò yẹn, òun ni í máa sọ ẹni tó bímọ fún ọkọ rẹ̀. Ayé wá yí bírí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin náà fa àpótí sún mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó jókòó, ó wò ó lójú, ó sì béèrè pé, "Màmá wọn, kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un lọ́wọ́. "Lọ́kàn mi? Bíi ti báwo?"

"Nọ́ọ̀sì ní ká máa bi ara wa."

"Aṣọ ìyàwó onífótò ló wà lọ́kàn mi. Ọ̀la ló fẹ́ wá gbà á."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó tún dúró díẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí kò sí nǹkan mọ́, ó dìde, ó rọra lọ bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí onílé kò ṣí i. Inú ìyàwó bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ ohun tó fà á. Ṣé kì í ṣe òun náà ló ti fẹ́ kí ọkùnrin yìí bá òun sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìyàwó? Ó wá ń sọ̀rọ̀ báyìí, òun ló wá yadi.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe irun. Àbúrò gbọ́ ọ délẹ̀, ó gbé kóòmù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin kì í dédé yí padà. Bí kò bá ń dágbére fún ayé, á jẹ́ pé ẹnì kan ń kí i káàbọ̀ níbòmíì. Ta ni nọ́ọ̀sì tó ń fi ẹnu pọ́n lójoojúmọ́ yìí?"

"Mi ò tíì rí i."

"Ẹ lọ rí i o. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."

Aránṣọ ro ọ̀rọ̀ náà títí dé ilé. Ikú tàbí àlè: ó yẹ kí èèyàn lè mọ èyí tí kò fẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọ̀kan sápá ọ̀tún, ìkejì á tún wúwo lápá òsì.

Ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà tún lọ sí gbọ̀ngàn, ó gbàgbé ike omi rẹ̀ sórí tábìlì. Ìyàwó rí àwáwí. Ó ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ike omi sínú báàgì, ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni gbọ̀ngàn náà wà. Òórùn ọṣẹ ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, dígí gbọọrọ wà lára ògiri, àwọn àgbàlagbà lọ́kùnrin lóbìnrin sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gbé orúnkún sókè sódò. Nọ́ọ̀sì tó ń darí wọn ga, ó wọ ṣòkòtò, irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní kéré sí ti aránṣọ fúnra rẹ̀. Kó tó wò ó délẹ̀, nọ́ọ̀sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Ẹ jókòó síbí."

"Rárá, mo kàn wá fún..."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ ná, tí ẹ̀rọ bá ń kà." Ó ti wé nǹkan mọ́ ọn lápá, nǹkan náà sì ti ń fún un. "Hùn. Ó ga díẹ̀. Ṣé ẹ sáré wá ni?"

"Mi ò sáré."

"A ó tún un wò. Ẹ bọ́ sórí ìlà."

Bí ó ṣe dé orí ìlà nìyẹn, pẹ̀lú báàgì lápá àti ike omi lọ́wọ́. Ó fẹ́ sọ pé ara òun le, pé òun kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó wo àwọn èèyàn tó yí i ká, ó rí i pé bí òun bá pariwo ìlera láàárín aláìsàn, á dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi aṣọ tuntun yangàn lójú ẹni tí tirẹ̀ ya. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orúnkún. Ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kó sinmi.

"Ẹsẹ̀ òsì, Màmá. Òsì là ń gbé."

"Òsì náà nìyí."

"Ọ̀tún nìyẹn."

Ìgbà náà ló rí ọkọ rẹ̀. Ó kẹ́yìn sí i lọ́hùn-ún, ó ń gun orí kẹ̀kẹ́ kan tí kì í lọ síbì kankan. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ yìí, ó yí orí, ó bojú wẹ̀yìn ní apá òsì, ó bojú wẹ̀yìn ní apá ọ̀tún, bí ó ṣe máa ń ṣe tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ kúrò ní ibùdókọ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀. Ògiri nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín pa obìnrin náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá iléèwé rò pé àárẹ̀ ni, ó ní kó mumi.

Lẹ́yìn eré ìdárayá, wọ́n to àga yí po. Aránṣọ bá àga kan lẹ́yìn ọkùnrin kan tó sanra, ó fara pamọ́. Nọ́ọ̀sì béèrè bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí. Ìyá kan ní ẹ̀rù ń ba òun láti gbé ọmọ-ọmọ òun. Ọ̀gá iléèwé ní òun ti jẹ ẹran sísun, ọkàn sì ń dá òun lẹ́bi. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ló bá kan Bàbá Jẹ́jẹ́.

Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ìyàwó mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn bí ẹní mowó, ó ti mọ̀ pé "Dáadáa ni" ló máa sọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní:

"Mi ò kì í sùn. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń gbọ́ àyà mi. Mo máa ń dúró pé kó dákẹ́, kí n lè mọ̀ pé ó ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń díbọ́n pé mo ti sùn, mo tún máa ń hanrun díẹ̀, kí ìyàwó mi lè rí oorun tirẹ̀ sùn. Ó ti ṣe wàhálà tó. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí."

Aránṣọ fúnra rẹ̀ kì í sùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọkọ rẹ̀ padà sílé ló ti máa ń kọjú sí ògiri, á di ojú, á máa fetí sí èémí ọkùnrin náà, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìhanrun rẹ̀. Ìhanrun èké! Àwọn méjèèjì ti ń dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kan náà, wọ́n ń tan ara wọn jẹ nítorí ìfẹ́. Inú bí i. Àánú ṣe é. Ó fẹ́ dìde lọ gbá a mọ́ra, ó tún fẹ́ dìde lọ gbá a létí.

"Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé," ni nọ́ọ̀sì wí, "ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ọkùnrin tó sanra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ yíjú. Ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì pa dé.

"Èmi... aṣọ ni mò ń rán," ni aránṣọ wí. Ó gbé ike sókè. "Omi ni mo gbé wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá iléèwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi padà sílé. Nígbà tí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí ilé ìwòsàn, obìnrin náà ní, "Kí ló dé tó jẹ́ àwọn àjèjì lẹ sọ ọ́ fún?"

"Wọ́n bi mí ni."

"Èmi náà ì bá ti bi yín, ká ní mo mọ̀ pé ẹ máa dáhùn."

"Ká ní o bi mí, mi ò bá tí dáhùn. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ nígbà yẹn."

"Ìgbà wo lẹ wá mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa náà. Ó kàn ń jáde ni."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè, aránṣọ ni èémí rẹ̀ kọ́kọ́ há. Aláìsàn ló dúró de ẹni tí ara rẹ̀ le. Obìnrin náà fara ti ògiri ilé kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbé ọwọ́ lé ikùn, kó fa èémí wọlé láti ìsàlẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé òun mọ bí a ṣe ń mí, ṣùgbọ́n kò sí èémí tó máa fi sọ ọ́, ló bá gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Èmi náà kì í sùn," ló wí nígbà tó rí èémí gbà.

"Mo mọ̀," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ẹni tó sùn kì í dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ń lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aránṣọ wò, ó ṣì ga, ó sì ní kó máa bá ọkọ rẹ̀ wá. Ó ń lọ nígbà tí iṣẹ́ kò bá pọ̀, òsì àti ọ̀tún kò sì yé dà pọ̀ mọ́ ọn lójú. Nígbà tó ròyìn fún àbúrò rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ti ní irun funfun, pé kò sì sí àlè kankan, àbúrò ní, "Kí ló wá ṣe é nígbà náà?"

Àwọn ọ̀gá gáréèjì wá ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Wọ́n ní wọn ò ní fún un ní bọ́ọ̀sì èrò mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kó máa kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. Ó délé, ó ní, "Mo dé o," kò sì sọ nǹkan mìíràn. Bàtà funfun wọ abẹ́ àga. Ilé pa rọ́rọ́ bí ti àtijọ́. Aránṣọ rò pé ìsinmi ti dé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ tó ti bá gbé láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ wá di ohun tó ń ni í lára. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ń rẹ̀ ẹ́. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tún jẹ́ kó gbádùn. Kí wá ni òun ń fẹ́ gan-an?

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ ti bàtà jáde lábẹ́ àga. "Ẹ wọ̀ ọ́. A ń jáde."

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àdúgbò po tán kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tí mi ò bá sí lórí sítíárìn, mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, Bàbá wọn," ni obìnrin náà wí. Ẹ̀rù sì bà á pé ọ̀rọ̀ yẹn máa dùn ún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fi ẹ̀rín sí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín títì, níṣojú onífótò àti gbogbo àdúgbò, ojú sì ti ìyàwó débi pé ó gbàgbé láti gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ọkùnrin náà gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀ fún àwọn awakọ̀ tuntun ní gáréèjì nísinsìnyí, láti àárọ̀ títí dọ̀sán ni. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó rí ère tó ń jó. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn, àyà rẹ̀ á fún un díẹ̀, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn, wọn ò ní mọ̀ bóyá ọkàn ni tàbí àtẹ́gùn inú, títí yóò fi kọjá tàbí tí wọ́n á fi gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe yẹn náà ló dáa.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin wọn pè láti ìlú tó ń gbé.

"Màmi, ara Bàbá ńkọ́?"

"Ara wọn ti ń le."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Aránṣọ gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà. "Mi ò tíì lè sọ. Gba Bàbá rẹ."

Ọkùnrin náà gba fóònù, ó gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń sọ ti gáréèjì, ó ń sọ ti òjò, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, aránṣọ gbọ́ tó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́? Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ nípa ìyá rẹ." Ohùn náà sì wálẹ̀ débi pé èèyàn kò lè gbọ́ ọ mọ́ láti inú yàrá.

Aránṣọ dìde kó lọ fetí sí i. Ó tún jókòó. Ó tún dìde.